Abẹ́rẹ́ Tí Mo Fi Omi Gbígbóná Sè

Ọjọ́ Ẹtì kan ò ní tán lọ́kàn mi títí ilẹ̀ á fi gbà mí. Ọjọ́ náà ni mo wọ suẹ́tà lábẹ́ oòrùn Ìsọlọ̀, tí omi yìnyín ẹja ń kán láti inú apá aṣọ mi, tí gbogbo èrò tó wà ní ilé ìwòsàn ń fi imú wá ẹni tó gbé ẹja wọlé. Èmi ni. Èmi tíṣà, tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ́tótó.

Ọ̀rọ̀ ọkọ ló fà á. Ọkọ mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba ló fi owó epo rán an lọ kàwé, ó sì ti lé lọ́dún méjì tí mo ti fojú kàn án kẹ́yìn. Ìgbéyàwó wa ò tíì tutù tó fi lọ. Èmi wà ní yàrá kan ní Mafoluku, níbi tí ọkọ̀ òfurufú ti ń kọjá lórí páànù wa bíi pé ó fẹ́ gbé e lọ. Kò sí èyí tó kọjá tí n kì í gbójú sókè wò. Àárò rẹ̀ ń sọ mí débi pé nígbà míì mo máa ń bu oúnjẹ ẹni méjì, n óò sì jókòó máa wo ti ẹnì kejì. Ohun tó tún ń dẹ́rù bà mí ni pé ohùn rẹ̀ ti fẹ́ máa parẹ́ létí mi.

Nígbà tó yá, ilé ìwé rẹ̀ fún un ní yàrá àwọn tọkọtaya, ó sì san owó ọkọ̀ òfurufú mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìjókòó mi. Lásìkò tí owó náírà wà lójú ọpọ́n yẹn, ẹni tó fẹ́ ra bàtà lásán ń wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà ẹni tí ìjókòó bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ á dúró fún oṣù kan ó lé. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ilé ìwé ní kí dókítà jẹ́rìí pé n ò ní ikọ́ ife.

Ní Ọjọ́rú, nọ́ọ̀sì kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Sístà, ará Oǹdó tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, gún mi lábẹ́rẹ́ tín-ín-rín sínú awọ apá.

"Madam, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi nǹkan kan pa á. Tó bá di Friday, èmi fúnra mi ni máa kà á."

"Tó bá wú ńkọ́, Sístà?"

"Tó bá wú, ó wú. Ẹ ṣáà wá."

Ǹ bá dúró bi í dáadáa, ṣùgbọ́n ara lásán ló jókòó síwájú Sístà. Ọkàn ti kọjá òkun.

Lónìí, mo mọ ohun tí abẹ́rẹ́ yẹn ń wá. Ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló là mí lóye. Ó ní olùṣọ́ ń bẹ nínú awọ wa. Bí àjèjì kòkòrò bá wọlé, olùṣọ́ á já díẹ̀ lára rẹ̀, á gbé e lọ sí kókó abíyá, níbi tí àwọn jagunjagun tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní irú ọ̀tá kan tó lè dá mọ̀. Èyí tó bá sì dá tirẹ̀ mọ̀ kò ní tìtorí ìyẹn nìkan dìde, àfi kí olùṣọ́ tún fún un ní àmì kejì pé ewu ń bẹ lóòótọ́. Bí kò bá rí àmì kejì, ṣe ló máa fọwọ́ lẹ́rán. Bó bá rí i, á máa pín, ẹyọ kan á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n á sì tú jáde. Tí ogun bá parí, àwọn díẹ̀ nínú wọn á ṣẹ́kù, wọn kì í gbàgbé ọ̀tá náà. Àwọn tí kì í gbàgbé yìí ni abẹ́rẹ́ Sístà ń pè. Tí wọ́n bá wà, wọ́n á péjọ síbẹ̀, ibẹ̀ á sì wú.

Nígbà náà lọ́hùn-ún, n ò mọ ìkankan. Ìyá Kúdí ni mo mọ̀.

Ìyá Kúdí ni onílé wa, ará Ìṣẹ́yìn, ó ń ta aṣọ ní ọjà Aswani. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló rí apá mi.

"Ìyàwó, kí ló wú sí ọ lápá?"

Mo ṣàlàyé. Ó pàtẹ́wọ́.

"Ó ti wú! Wọn ò ní jẹ́ kó o wọkọ̀ òfurufú mọ́ nìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, bí tiẹ̀ ṣe wú nìyí, ó ṣì wà nílé."

"Màmá, Sístà ní kí n má fọwọ́ kàn án ni."

"Sístà! Abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n ń gún láyé yìí tí wọn kì í fi omi gbígbóná jó?"

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Nílé wa, kò sí ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ tí ìyá rẹ̀ ò ní fi aṣọ inú omi gbígbóná tẹ ojú ibẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Mo sọ fún ara mi pé Sístà ní kí n má fi nǹkan kan pa á; omi kúkú kì í ṣe ìpara. Ẹ ò rí i pé ẹni tí àárò ń pa kì í pẹ́ di lọ́yà.

A fi omi iyọ̀ gbígbóná jó o. Ó pọ́n. A fi òrí ra á. Ó wú sí i. Ìyá Kúdí wá mú ìpara kan tó ń ta bí ata, ó fi pa á, ó fi aṣọ gbígbóná dé e lórí. Mo ké. Ó ní, "Mọ́kàn le, ó ń lọ nìyẹn." Nǹkan kan ò lọ. Nígbà tó fi di òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ohun tí kò ju èékánná lọ ti tó òkèlè ẹ̀bà, awọ ibẹ̀ sì ti lé ròrò.

Ìyá Kúdí ní òtútù ló kàn. Ó mú mi dé ọjà Bọ́ládé lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja inú yìnyín, wọ́n fọ́ yìnyín díẹ̀, wọ́n fi aṣọ dì í mọ́ mi lápá. Kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i, mo wọ suẹ́tà tí mo rà sílẹ̀ fún òtútù Lọ́ńdọ̀nù.

Bí mo ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí yọ́. Bàbá àgbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fimú fa afẹ́fẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ra títùs wá síbí?"

Mo gbójú sí ara ògiri bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ò kàn mí. Omi ń kán sí bàtà bàbá náà. Sístà pè mí wọlé, ó ká apá suẹ́tà sókè, ó sì pariwo.

"Jésù! Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ wá sè é?"

"N ò sè é, Sístà. Mo kàn jó o díẹ̀ ni."

"Díẹ̀? Ó ku kí ẹ fi ata sí i!"

Àwọn tó wà níta bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfìgbà tó ní kí n ṣí èjìká mi. Ó rí àpá abẹ́rẹ́ ikọ́ ife tí wọ́n gún fún wa nílé ìwé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀.

"Madam, ẹni tó ti gba èyí, tiẹ̀ lè wú. Ó lè jẹ́ ara yín ló ń rántí. À bá ya X-ray àyà fún yín lọ́sàn-án yìí. Tó bá mọ́, dókítà á fọwọ́ sí i, ẹ ó lọ bá ọkọ yín. Kí ni mo fẹ́ kà báyìí? Ṣé abẹ́rẹ́ ni àbí iná?"

Dókítà náà wò ó, ó mi orí. Ó ní ilé ìwé ò ní gba X-ray nìkan láìsí èsì abẹ́rẹ́, kí apá náà kọ́kọ́ jinná, àwọn á gún ìkejì. Mo ní ọ̀la ni ọkọ̀ òfurufú mi. Ó ní kò ṣeé ṣe. Mo padà sórí bẹ́ǹṣì yẹn, mo sì sunkún tọkàntọkàn, tòun ti òórùn ẹja.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ òfurufú kan kọjá lórí ilé wa. Mo dúró sí àgbàlá, mo ń wò ó títí tí ojú mi ò fi tó o mọ́. Ìyá Kúdí wá dúró tì mí.

"Ìyàwó, foríjì mí. Mi ò fẹ́ kí nǹkan kan dá ẹ dúró ni."

N ò lè bínú sí i. Òun náà ń fẹ́ kí n lọ ju bí mo ṣe ń fẹ́ lọ.

Wáyà tí mo tẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ mi ò tètè dé. Ó lọ dúró dè mí ní pápákọ̀ òfurufú, pẹ̀lú kóòtù tó rà fún mi lọ́wọ́. Gbogbo obìnrin dúdú tó bá jáde ló ń dìde sí, títí tí wọ́n fi ń gbálẹ̀ yí i lẹ́sẹ̀ ká. Ó lé ní oṣù kan kí apá mi tó jinná, kí dókítà tó fọwọ́ sí ìwé mi, kí n tó rí ìjókòó míì débẹ̀, kó tó rójú sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí èmi náà sọ tèmi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, mo sì dá ohùn náà mọ̀ kíá.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀. Jagunjagun tí ojú ò rí nínú ara mi ní làákàyè jù mí lọ: òun ń dúró gba àmì kejì kó tó gbéra, èmi gbéra lórí ọ̀rọ̀ ẹnìkan. Ọkọ mi ti papò dà báyìí. Tí àwọn ọmọ bá ní kí n tún ìtàn náà sọ, èmi ni n máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá lọ tán, n óò rò ó pé ọjọ́ tí èmi àtòun ní pa pọ̀ láyé ò kúkú pọ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi sè ohun tó lé ní oṣù kan dànù nínú rẹ̀. N óò tún rẹ́rìn-ín díẹ̀, n óò wá nu ojú mi.