Ibà Ń Ṣe Ẹ̀rọ Bàbá Ràfíátù

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti rí ẹ̀rọ tí ibà ń ṣe rí?

Èmi ti rí i. Pálọ̀ tèmi gan-an ló wà.

Ọdún 1995 ni, Iléyá ku díẹ̀. Ọkọ mi, Tìjání, tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìlá lọ sí Òṣogbo, lọ ra tòkunbọ̀ kan. Kì í ṣe fíríìjì o. Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. Tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, gíláàsì wà lójú rẹ̀, orí gàgàrà kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ya obìnrin kan sí, aṣọ obìnrin ọ̀hún ò délẹ̀. Ẹ óò ju owó sínú ẹ̀, bọ́ọ̀lù irin kékeré kan á fò jáde. Ẹ óò máa tẹ bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọwọ́ kéékèèké méjì inú ẹ̀ lè máa gbá bọ́ọ̀lù náà padà sókè, kó má baà já sí ihò ìsàlẹ̀.

Kẹ́ń! Kẹ́ń! Gbàgà! Kẹ́ń-kẹ́ń-kẹ́ń! Wòòò!

Wòòò yẹn, bọ́ọ̀lù ti já sí ihò nìyẹn. Ẹ kú ìnáwó.

Mo ní, "Bàbá Ràfíátù, kí la fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Òwò ni! Gbogbo ọ̀dọ́ Ìlá ló máa wá gbá a. Ìwọ ò lójú òwò ni."

Òótọ́ ni. N kò lójú òwò. Aṣọ lásán ni mò ń rán nínú pálọ̀ yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé, aṣọ lásán náà la sì fi ń jẹun. Wọ́n gbé máṣíìnì ìránṣọ mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ páànù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbò Iléyá. Àgbò ọ̀hún sì fẹ́ràn léèsì. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti gbé ọwọ́ bùbá oníbàárà mi kan, Ìyá Sẹ̀gilọlá, mì.

Ìyá Sẹ̀gilọlá gbé bùbá sókè. "Ọwọ́ kejì ńkọ́?"

"Ó wà nínú àgbò, mà. Tó bá di Iléyá, ẹ ó bá wa jẹ ẹ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé aṣọ rẹ̀ yòókù lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn. Láti ọjọ́ náà, pálọ̀ mi nìkan ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun lórí ẹní ìkírun.

Àṣé ibà ti ń bọ̀.

Bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ náà, kí ẹni méjì tó gbá a tán, ara rẹ̀ á ti gbóná bí ìkòkò orí ààrò. Iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú. Ọwọ́ kéékèèké inú ẹ̀ á rọ bí ọwọ́ ẹni tó ń tòògbé nídìí ìwàásù.

Pììììì.

Ó kú.

Ọkọ mi ní òun mọ ohun tó ń ṣe é. Awakọ̀ ni, kí ni kò mọ̀? "Ohunkóhun tó bá ń gbóná, omi ló ń fẹ́." Ó wá rédíétọ̀ títí lábẹ́ tábìlì, kò rí i. Ó bá gbé abọ́ yìnyín lé e lórí, bí ìgbà tí èèyàn ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Yìnyín yọ́. Omi ṣàn wọnú ẹ̀. Ọkọ mi nawọ́ nù ún.

Gbáà!

Fìlà rẹ̀ balẹ̀ sórí àga. Òun balẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ti ń gbọ́ oògùn," ló wí.

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ là mí nínú! Mo fi ìbòrí mi bo ẹnu, mo ní kí Ọlọ́hun fún aláìsàn méjèèjì lálàáfíà.

Ó ránṣẹ́ pe Sàlámì, atún-rédíò-ṣe. Àgbà iṣẹ́! Ó tún rédíò mi ṣe rí. Láti ìgbà náà, Faransé nìkan ló ń sọ. Sàlámì tú ìdí ẹ̀rọ, ó fi ahọ́n tọ́ wáyà kan wò, ó mi orí.

"Alàájì," ló pe ọkọ mi, ẹni tí kò dé Jẹ́bà rí ká tó sọ Mẹ́kà, "iná tó ń wọ ilé yín ló gbóná jù."

"Ṣé a lè rí èyí tó tutù?"

"Ẹ fún un ní atẹ́gùn."

Wọ́n kó fáànù wa méjèèjì, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Ẹ̀rọ ń gba fẹ́ẹ́rẹ́. Àwa ń fi páálí fẹ́ ara wa. Ó tún gbóná, ó tún kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀rá fún yín. Nílé wa, a kì í yọ ọ̀rá ara ohun tí a bá rà. Àga wa wà nínú ọ̀rá. Tí ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ ó kọ́kọ́ já ìdí yín gbà. Ẹ̀rọ yìí dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fi ọ̀rá tó nípọn dì í ní àdìmọ́, kò yọ ihò atẹ́gùn ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Ojú gíláàsì, ẹnu owó àti ibi bọ́tìnnì nìkan ni ọkọ mi gé.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi díẹ̀ níbẹ̀, kí n fi bo aṣọ àwọn oníbàárà mi nítorí àgbò.

"Ọ̀rá wo? Kí ẹ̀rọ mi lè di àlòkù?"

Mo ní kó má bínú, pé n kò mọ̀ pé tuntun ni.

Àbúrò rẹ̀, Àrẹ̀mú, tó wálé ọdún láti Ìbàdàn, bú sẹ́rìn-ín. Agúntáṣọọ́lò ni mò ń pè é, torí ọkọ ni. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ ká máa dín àkàrà lórí ẹ̀."

Inú bí ọkọ mi. "Ó máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Iléyá! Ẹ máa rí i!"

Èmi tí ẹ mọ̀ ní ẹlẹ́nu jẹ́jẹ́, n kò mọ ohun tó wọ̀ mí. Mo ní, "Tó bá ṣiṣẹ́ láti Àílà di Àlásárì láìkú, èmi fúnra mi á gbá a lójú gbogbo ẹbí."

"O ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí."

Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Òkú ta ló ń jí?

Ọjọ́ Iléyá pé. A ti Yídì dé, wọ́n ń fa àgbò lọ síbi tí wọ́n máa pa á sí. Àgbò wo ọ̀bẹ. Ó wo ọkọ mi. Ó já okùn.

Pàkà-pàkà-pàkà, ó di pálọ̀! Ó sá sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ki ìwo bọ ọ̀rá. Àrẹ̀mú di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó fà á.

Fààààà!

Àgbò jáde, ó wọ ọ̀rá láti orí dé ìrù bí ìyàwó tuntun.

"Ọ̀rá mi!" Ọkọ mi ń sunkún. Kò sẹ́ni tó sunkún àgbò.

Wọ́n pa á, wọ́n tan ẹ̀rọ. A kí Àílà. Kẹ́ń-kẹ́ń! Àwọn ọmọ ń gbá a. Mo fọwọ́ kan ihò atẹ́gùn ẹ̀yìn rẹ̀, ó tutù. Kẹ́ń! Gbàgà! Wọ́n pe Àlásárì.

Kò kú.

Sàlámì, tó wá bá wa jẹ ọdún, fọwọ́ lu àyà. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn!"

"Ìyàwó wa!" Àrẹ̀mú ń pàtẹ́wọ́. "Ìlérí dà?"

Mo kírun tán, mo so ìbòrí mi dáadáa, mo ṣe Bisimilá. Mo tẹ bọ́tìnnì. Bọ́ọ̀lù bọ̀, mo gbá a. Ó tún bọ̀, mo tún gbá a. Ọwọ́ tó ń sáré níwájú abẹ́rẹ́ máṣíìnì, bọ́ọ̀lù wo ló fẹ́ já mọ́ ọn lọ́wọ́?

Àwọn ọ̀dọ́ tò sẹ́yìn mi, owó lọ́wọ́. Wọ́n dúró títí. Wọ́n jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ọkọ mi ní, "Ìyá Ràfíátù, ó tó."

"Bọ́ọ̀lù ò tíì já."

"Jẹ́ kó já!"

"Èèwọ̀! Mo ṣèlérí."

"Oníbàárà mi ń lọ!"

"Tèmi náà lọ."

Ó kúnlẹ̀. Ọkọ mi, Tìjání, kúnlẹ̀ lójú àbúrò rẹ̀. "Gba pálọ̀ ẹ! Gbà á lónìí!"

N kò wo ẹ̀yìn. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń wọ́ máṣíìnì ìránṣọ mi bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, gìrì, gìrì. Nígbà tó gbé e sí àyè rẹ̀ lójú fèrèsé, mo ká ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì.

Wòòò!

Èmi kì í yẹ àdéhùn. Mo ní n óò gbá a, mo sì gbá a.