Amúnátutù Tẹ́ Bẹ́ẹ̀dì fún Káàdì

Ká ní ìgbéraga ń tan iná ni, ọkùnrin kan wà tí ì bá máa tan gílóòbù gbogbo àdúgbò, tí yóò sì tún ṣẹ́kù èyí tí wọn yóò fi lọ aṣọ. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó ti pa á tì tipẹ́. Èyí tó sọ ara rẹ̀ ló kọ gàdàgbà sára pátákó ẹnu ọ̀nà: AMÚNÁTUTÙ. Ọkọ fáànù, àna yìnyín, ọmọ ìyá òjò, Afẹ́fúù-kí-ààrò-kú!

Bí oníbàárà bá kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá," kò ní dáhùn. Ó di ìgbà tí wọ́n bá ki oríkì yẹn tán kó tó mi orí díẹ̀, bí ẹni tí ọgbọ́n ti mú kí orí wúwo lọ́rùn rẹ̀.

Inú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ni gbogbo ọgbọ́n yìí ń gbé. Ohun tó ń dùn ún nìyẹn. Ta ni yóò rí i níbẹ̀? Ṣòkòtò tútù nìkan. Nísàlẹ̀ ilé kan náà, ṣọ́ọ̀bù kan wà tó kọjú sí títì, gíláàsì ni wọ́n fi ṣe é láti òkè délẹ̀. Ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ ti kó jáde. Bí Amúnátutù bá ti ń kọjá níwájú rẹ̀, yóò dúró, yóò wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì náà, yóò gbé àgbọ̀n sókè, yóò mí kanlẹ̀. Nígbà míì á juwọ́ sí ara rẹ̀. Ara rẹ̀ náà á sì juwọ́ padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Màmá Onílé ló ni ilé. Ẹ má fojú àgbà lásán wo màmá yìí o. Eyín ẹnu rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n mọ́tò inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé. Géèmù eré ìje mọ́tò ni iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀sán rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rojọ́ orúnkún, bíréèkì ni òun ń rojọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti sá fún un, torí bó bá nà wọ́n tán nídìí eré, yóò tún máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà. Bí eré bá ti gbóná, kọ̀ǹpútà náà á gbóná. Yóò ké wúùù, ojú rẹ̀ yóò ṣú, mọ́tò màmá yóò sì pòórá nígbà tó kù fíńfín kó dé òpin.

Ló bá pe gbogbo ayálégbé jọ sí àgbàlá.

"Ẹni tó bá wo kọ̀ǹpútà mi sàn," ó ní, "tí mo fi sá eré kan parí lójú gbogbo yín, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù iwájú yẹn."

Amúnátutù ti dìde kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu rẹ̀. "Màmá, àìsàn yẹn ti kú! Ọwọ́ Amúnátutù ló kú sí!"

"O ò tíì wò ó."

"Kí ni mo fẹ́ wò, Màmá? Ẹ̀rù mi ti ń bà á níbi tó wà."

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ ibi tó ń dun kọ̀ǹpútà náà. Káàdì kan wà nínú rẹ̀ tó ń ya gbogbo àwòrán tí màmá ń rí. Ọkàn káàdì yẹn wà láàárín, ó ń dán bí dígí. Àwọn ègé dúdú tó ń bá a rántí nǹkan, bí ọmọ kéékèèké, jókòó yí i ká. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, gbogbo wọn á gbóná. Wọ́n wá fi irin ńlá kan tó ru fáànù bò wọ́n lórí, kó máa gba ooru lọ́wọ́ wọn. Láàárín irin àti àwọn ọmọ kéékèèké, páàdì ló wà níbẹ̀, rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó rọ̀, tó ń ru ooru lọ sókè. Ọkàn ní tirẹ̀ kì í lo páàdì. Ìpara díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i, irin á sì fẹnu kò ó lẹ́nu.

Nígbà tí Amúnátutù tú ti màmá, páàdì ibẹ̀ ti gbẹ, ó ń rún bí bisikíìtì ìdí àpò. Kó yọ ọ́, kó fi tuntun tó bá a mu síbẹ̀, iṣẹ́ ti parí.

Fún ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n páàdì tínrín wà, èyí tó nípọn sì wà, Amúnátutù sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lórí ìyẹn, ẹ̀kọ́ tó ti ń bọ́ ọ lájẹyó ọjọ́ ti pẹ́. Tínrín ni ti tálákà. Èyí tó nípọn díẹ̀ ni ti ẹni tó rọ́wọ́ họrí. Èyí tó nípọn bíi mátírẹ́ẹ̀sì, ti ọlọ́lá nìyẹn, owó ọlọ́lá náà ni wọn yóò sì san.

"Ṣé orí ẹní lásán ni ọba ń sùn?" Báyìí ló máa ń bi oníbàárà. Ojú á ti oníbàárà láti sọ lójú gbogbo èèyàn pé òun kì í ṣe ọlọ́lá. Á tọwọ́ bàpò.

Ìyàwó Amúnátutù jẹ́ aránṣọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń gé páàdì màmá.

"Bàbá wọn, ẹ ò ní wọn ti àtijọ́ wò kẹ́ ẹ tó gé tuntun?"

"Kí ni mo fẹ́ wọ̀n lára rẹ̀? Ó ti kú. Wọn kì í béèrè ọ̀nà ọjà lọ́wọ́ òkú."

"Ìwé tó bá páàdì wá ńkọ́? Mo rí i pé wọ́n kọ bó ṣe yẹ kó nípọn tó síbẹ̀."

"Ẹni tí kò mọ nǹkan ló ń kàwé. Èmi ni ìwé ń kà."

"Ó dáa o, ẹ̀yin tí ìwé ń kà. Ẹ jẹ́ kó kà yín dé ìparí."

Amúnátutù mú páàdì tó nípọn jù lọ nínú ilé, ó gé e, ó tẹ́ ẹ. Ó fà sẹ́yìn wò ó. Ó wá rántí pé onílé ni màmá, kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá kéékèèké. Ó bá tún gé òmíràn lé e lórí.

"Ẹ fi ìrọ̀rí sí i," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "kẹ́ ẹ tún bò ó láṣọ."

Amúnátutù ro ìyẹn wò díẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ dé irin padà, irin kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀. Ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Sikúrú kò dé ibi tó ń lọ. Ó wá èyí tó gùn jù ú lọ.

"Bàbá wọn, ẹ ò tiẹ̀ ní tàn án, kẹ́ ẹ fi dán an wò?"

"Gbẹ́nusọ́hùn-ún! Ẹni tó bá ń dán òkìkí wò, òkìkí á fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Ọjọ́ eré pé. Ẹ ò rí nǹkan! Amúnátutù wọ ẹ̀wù funfun gígùn bíi ti dókítà, èyí tó fi ìjà gbà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ti yá ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ti gbé pátákó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ó fi ti ara ṣọ́ọ̀bù gíláàsì náà, bí ẹni tó ti fi aṣọ sínú àpótí kí wọ́n tó fún un ní ilé. Gbogbo oníbàárà rẹ̀ tó jẹ́ ọlọ́lá ló pè, iwájú ló sì fi wọ́n jókòó sí. Olùkọ́ àgbà kan tí kò lè san ju ti tálákà lọ, ẹ̀yìn pátápátá ló ní kó dúró sí.

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sínú ṣọ́ọ̀bù náà. Màmá Onílé so ìborùn mọ́ ìbàdí, ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó di ọwọ́ ìtukọ̀ géèmù náà mú. Mọ́tò ta!

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" Amúnátutù ké sínú máíkì. "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí iná ń kí!"

Màmá kọ́kọ́ gé kọ́nà kan tí àwọn tó dúró fi tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó kọjá mọ́tò aláwọ̀ ewé. Ó kọjá funfun. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í hùn.

"Ọ̀gá, ó ń ké o," ni awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìntì wí, ọlọ́lá ni òun náà.

"Orin ni! Ara tù ú!"

Nọ́ńbà pupa kan wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà tó ń sọ bí ooru ṣe tó. Ó ń gùn bí ọ̀bọ tó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Nọ́ńbà yẹn ń lọ sókè, ọ̀gá."

"Ìgbéga nìyẹn! Ta ni kì í fẹ́ gòkè?"

"Nǹkan kan ń rùn."

"Òórùn ara tuntun ni!"

Màmá ò gbọ́ gbogbo ìyẹn. Mọ́tò pupa kan ṣoṣo ló kù níwájú rẹ̀. "Yà fún àgbà!" ó ń pariwo mọ́ ọn. "Ìwọ ọmọ tí wọn ò kọ́ yìí, yà fún àgbà!" Ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá a, ó kọjá! Òpin ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Gbogbo èèyàn dìde, wọ́n ń patẹ́wọ́. Àwòrán wá bẹ̀rẹ̀ sí í tàkìtì: mọ́tò màmá wà níbí, ó wà lọ́hùn-ún, kò sí níbì kankan. Ìlà aláwọ̀ ewé àti pupa rẹ́súrẹ́sú bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà.

Fúù. Ó kú.

Màmá ṣì ń tukọ̀ nínú òkùnkùn. "Mo ti dé àbí mi ò tíì dé?"

Kò sí ẹni tó lè sọ fún un.

Ó rọra fi ọwọ́ ìtukọ̀ sílẹ̀. "Amúnátutù."

"Màmá."

"Tú u."

"Màmá, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi ná..."

"Tú u lójú gbogbo wa. Má sì gbé máíkì sílẹ̀ o. O ti bá wa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, kó o máa bá a lọ."

Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń tú u. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a di máíkì mú sí ẹnu, torí pé aya rere kì í fi ọkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìṣòro. Amúnátutù gbé irin kúrò. Gbogbo ọrùn nà síwájú.

"Kí ni nǹkan róbótó funfun tó wà lórí ọkàn káàdì yẹn?" ni màmá bi í.

"Ìpara ni, Màmá."

"Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?"

"Irin yóò tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kí ooru lè rí ọ̀nà kọjá."

"Ṣé irin tẹ̀ ẹ́?"

Ó gbé itọ́ mì. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e dé òdìkejì títì. Ìpara náà rí róbótó bó ṣe fi í síbẹ̀, kò sí ohun tó fọwọ́ kàn án. Irin tó yẹ kó fẹnu kò ó lẹ́nu mọ́ tónítóní.

"Kò... kò tẹ̀ ẹ́, Màmá."

"Kí ló gbé irin dúró lókè?"

"Páàdì ni."

"Kí ló ṣe páàdì?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sún máíkì mọ́ ọn.

"Ó nípọn jù."

JÙ, JÙ, JÙ, ni ògiri àgbàlá ń dáhùn.

Awakọ̀ tó fẹ̀yìntì yẹn dìde dúró. "Ẹ dúró ná. Ti ọlọ́lá lẹ fi sí tèmi!"

"Tèmi náà!" ni ayàwòrán kan wí. "Ó ń kú bí mo bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ní ilé mi ló ń mú ooru! Mo ti kó kúrò nínú ilé ọ̀hún!"

"Ẹ ní èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ jù!" ni ọlọ́lá mìíràn ké.

Láti ẹ̀yìn pátápátá, olùkọ́ àgbà yẹn na ọwọ́ sókè bíi tàwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. "Tèmi ń ṣiṣẹ́ dáadáa o," ó ní. "Tínrín ni."

Ẹ̀rín tó bú sílẹ̀ yẹn, ẹlòmíràn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó lè rín in tán. Ọmọ ìyá òjò là wọ́n láàárín, ó fẹ́ sá gba ẹ̀yìn lọ, ẹ̀wù dókítà há sára pátákó tirẹ̀. Wọ́n fà á padà.

Màmá Onílé yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù náà láti inú ìborùn. "Gbà."

Ojú Amúnátutù là. "Màmá! Ẹ ṣé o! Mo mọ̀ pé àgbà yóò ṣàánú..."

"Má tíì dúpẹ́. Gbogbo èyí tó o bà jẹ́, inú gíláàsì yìí lo ti máa tún wọn ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ̀rẹ̀ látorí tèmi. O ò gbọdọ̀ ta aṣọ sí gíláàsì kankan. Ọjọ́ tó o bá parí, kó o padà sókè."

Ó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, rúlà lọ́wọ́, òkìtì kọ̀ǹpútà lẹ́yìn. Àwọn èèyàn ti gbé bẹ́ǹṣì wá síwájú gíláàsì. Bó bá ti mú páàdì kan, gbogbo wọn á ké lẹ́ẹ̀kan náà, "Wọ̀n ọ́n!" Á wọ̀n ọ́n. Bó bá mú ọ̀bẹ, "Tún un wọ̀n!" Á tún un wọ̀n. Ohùn Màmá Onílé ló ń ga jù nínú wọn.

Àlejò kan tó ń kọjá lọ yà síbẹ̀, ó na ọrùn, kò rí ọjà kankan. Ó bi obìnrin aránṣọ tó jókòó síwájú pátápátá: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń tà níbí?"

"Wọn ò tà á," obìnrin náà dáhùn, ó ń sún fún un láyè lórí bẹ́ǹṣì. "Ọkọ mi ni wọ́n pàtẹ."