Rauf Ń Béèrè Ìpín Tirẹ̀ Nínú Ikùn Ìyàwó Rẹ̀

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ Ọ̀ṣìnúbí ní ìlú Sango lánàá, ẹ̀yin èèyàn mi! Bó bá ṣe pé ẹ̀rín máa ń ba ààwẹ̀ jẹ́ ni, gbogbo Sango ì bá ti jẹ gbèsè ààwẹ̀.

Rauf télọ̀ ló pe Àdìzát ìyàwó rẹ̀ lẹ́jọ́. Àdìzát ń di bisikíìtì ní ilé-iṣẹ́ kan, ọdún kẹfà rèé tó ti ń ṣe kásúà, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí wọn ò tíì gbà wọlé pátápátá. Ilé-iṣẹ́ wá kéde eré ìje fún Sátidé: obìnrin tó bá kọ́kọ́ dé, wọn á sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi. Oṣù mẹ́rin ni Àdìzát ti ń sáré láti Sango dé Ìjù láràárọ̀ nítorí ọjọ́ yìí. Ohun tí Rauf sì ń bẹ Baálẹ̀ ni pé kí wọ́n má jẹ́ kó sá eré náà. Àdìzát kúnlẹ̀ síwájú Baálẹ̀, ó ń wo ẹnu ọkọ rẹ̀.

"Rauf, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kí Baálẹ̀ ó pẹ́. Olè ni ìyàwó mi."

"Kí ló jí?"

"Àwọn nǹkan inú mi."

Ìjòyè kan rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi dà sára agbádá rẹ̀.

"Baálẹ̀, ọdún mọ́kànlá la ti ń jẹun nínú àwo kan náà. Nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ wọn ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí kan ń bẹ nínú ikùn Àdìzát, pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ eré tó ń sá ló jẹ́ kí àwọn tó dáa nínú wọn pọ̀ sí i. Tó bá jẹun báyìí, inú rẹ̀ á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Tèmi ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta! Ó ti kó tèmi mọ́ tiẹ̀! Kó jókòó sílé, ká pín in sí méjì."

Àdìzát ké sí ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Afeezat, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun! Ṣé mo kiwọ́ bọ inú yín ni?"

"Ojú àwo lo ti kó wọn! Ibi tí mo bá ti bu òkèlè ni ìwọ náà máa ń bù!"

"Ibẹ̀ lẹ máa ń fi ẹran pamọ́ sí!"

Ààfin dàrú fún ẹ̀rín. Àdìzát rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń gbè é, ló bá tẹ̀ síwájú. "Baálẹ̀, ká tiẹ̀ ní wọ́n sá wá bá mi, ṣé mo dè wọ́n mọ́lẹ̀ ni? Ẹ̀dá tó bá ń gbé inú ẹni tó ń jókòó lórí àga láti àárọ̀ dé alẹ́, kó má sú u? Wọ́n fẹ́ rí Ìjù ni!"

Wọ́n pe Ògúndèjì, tó ń bá Rauf gé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Mo fojú mi rí wọn, Baálẹ̀. Wọ́n ń tò kọjá láti ọ̀dọ̀ Rauf sọ́dọ̀ Àdìzát."

"Báwo ni wọ́n ṣe tóbi tó?"

"Bí èèrà."

Ọmọ́wùnmí, nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ náà, tó wà láàárín èrò, dìde fùú. "Irọ́ ni! Kò sójú tó lè rí wọn láìlo ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan kékeré tóbi!"

"Ẹn, òjìji wọn ni mo rí."

Nọ́ọ̀sì kọjú sí Baálẹ̀. "Bàbá, gbogbo èèyàn ló ní àwọn kòkòrò àìfojúrí yìí nínú, wọ́n sì pọ̀ ju èrò Sango lọ. Wọ́n ń bá wa da oúnjẹ. Bí èèyàn bá ń sáré ọ̀nà jíjìn déédéé, irú àwọn kan lè pọ̀ sí i. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó ń jẹ ohun tí iṣan ń tú jáde nígbà tí eré bá wọra. Àdìzát kò jí ti ẹnì kankan."

Ìyá Àlàrí, ìyá Rauf, ni ẹlẹ́rìí tó kù. Ọmọ rẹ̀ ló pè é wá.

"Ìyá, ẹ sọ fún wọn pé inú mi dáa tẹ́lẹ̀!"

"Inú ta ni? Láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́ ni inú yẹn ti ń kùn!"

Baálẹ̀ fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Nọ́ọ̀sì, bí Àdìzát bá jókòó bí Rauf ṣe fẹ́ ńkọ́?"

"Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ikùn rẹ̀ lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

"Ẹ gbọ́! Ọkùnrin yìí fẹ́ pa ogún tó fẹ́ pín. Ìdájọ́ nìyí. Àdìzát á sá eré rẹ̀ ní Sátidé. Ẹni tó bá dí i lọ́nà, èmi ló bá jà. Rauf, ojú ọ̀nà ni ìpín tìrẹ wà. Láti ọ̀la, tẹ́ ẹ bá ti kírun àsùbáà tán, ìwọ náà á máa bá a sáré dé Ìjù, oṣù mẹ́rin gbáko. Ibi tó o bá ti dúró mí, kó o pariwo sétí gbogbo èrò pé, 'Èmi Rauf télọ̀, ìpín mi tó wà nínú ikùn ìyàwó mi ni mò ń wá o!'"

Rauf dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Baálẹ̀, mo ti fi gbogbo rẹ̀ jìn ín!"

"Ó ti bọ́ lẹ́nu mi," ni Baálẹ̀ wí.

Rauf rá pálá dé ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Afeezat, dákun, bá mi bẹ̀ wọ́n."

Inú Àdìzát dùn débi pé omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àánú ọkọ rẹ̀ sì ṣe é díẹ̀. Ó yí sí Baálẹ̀, ó tún kúnlẹ̀ dáadáa.

"Kí Baálẹ̀ ó pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Bàbá Afeezat bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ẹ jẹ́ kó di lẹ́yìn Sátidé, kí wọ́n má bàa fà mí sẹ́yìn."