Afárá Odò Ẹ̀sà Kò Tíì Sí Títí Di Ọjọ́bọ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Awò, tọmọdé tàgbà! Ẹni tó ń jẹun, kó dá òkèlè dúró. Ẹni tó ń jà, kó fi ìjà sílẹ̀ díẹ̀, ìjà ò ní lọ ibì kankan. Àṣàolú akéde ló dé. Ọ̀dọ̀ Olóyè Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú, ló ti ń bọ̀. Ẹnu Àṣàolú lẹ ó ti gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe tiẹ̀ o.

Gbogbo ìlú ló mọ afárá odò Ẹ̀sà. Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹgbẹ́ oníkọfí ti kọ́ ọ. Ẹni mẹ́tàlélógún péré ni wọ́n. Àwọn náà ló la ọ̀nà oko tí mọ́tò fi ń wọlé. Àwọn náà ló bá wa bo ilé ìgbẹ̀bí tó ń jò. Àṣàolú wà nínú wọn. Èjìká ọ̀tún tó fi ru òpó afárá yẹn ò tíì bọ̀ sípò dòní. Ó dáa. Ìgbìmọ̀ ní kẹ́ ẹ gbàgbé gbogbo ìyẹn. Àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ wá ṣí afárá tuntun ní Ọjọ́bọ̀. Ìlú ò sì ní afárá tuntun. Èyí tó wà nílẹ̀ náà ni wọ́n máa sọ di tuntun.

Nítorí náà, òfin dé!

Èkíní: Afárá odò Ẹ̀sà kò tíì sí. Àṣàolú tún un wí: kò tíì sí! Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, ló máa tó wà. Ẹni tó bá gbà á kọjá ṣáájú ìgbà náà, òfuurufú ló gbà, ó sì máa wá ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ bó ṣe fò.

Èkejì: Ẹni tó bá rántí pé òun ru yanrìn síbẹ̀, kó tètè gbàgbé. Ẹni tórí ẹ̀ bá ń rántí nǹkan jù, ewúrẹ́ kan ni ìtanràn ẹ̀!

Ẹ̀kẹta: Gbogbo kọfí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà gbọ́dọ̀ pọ́n kó tó di Ọjọ́bọ̀, kí àlejò lè rí nǹkan pupa wò. Igi tó bá ṣorí kunkun, olóko ẹ̀ á wá tọrọ àforíjì lórúkọ ẹ̀. Òun náà, ewúrẹ́ kan!

Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀. Òdìkejì odò ni oko kọfí wà. Ìhín ni pèpéle sìmẹ́ńtì tí ẹgbẹ́ ń sá a sí wà. Kọfí tí wọ́n bá já láàárọ̀, ọjọ́ náà ló gbọ́dọ̀ dórí pèpéle. Tó bá sùn nínú apẹ̀rẹ̀, ó kan nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa rà á. Láàárọ̀ yìí, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe Àṣàolú, ó ti já apẹ̀rẹ̀ méjì. Méjèèjì wà lọ́hùn-ún lábẹ́ igi. Odò sì ti kún bo àyà èèyàn.

Àṣàolú bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí kọfí nìkan kọjá, kí èèyàn dúró. Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ní kọfí ò lẹ́sẹ̀. Ìyá Dúrótoyè, olórí ẹgbẹ́, ò bẹ ẹnì kankan ní tiẹ̀. Ó wọlé tọ àwọn olóyè, ó kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, ó ní:

“Ẹ̀yin bàbá, ẹgbẹ́ ti gbà. Tiyín ni afárá. Pákó àárín ẹ̀ ti jẹrà, ọ̀la ló yẹ ká pààrọ̀ ẹ̀. A ń retí èjìká yín láàárọ̀.”

Ìgbìmọ̀ forí korí. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin kẹrin fi wáyé:

Ẹ̀kẹrin: Lọ́la, láti àárọ̀ títí pákó á fi wọlé tán, tẹgbẹ́ oníkọfí ni afárá. Bí wọ́n bá ti kan ìṣó ìkẹyìn, ó di tìgbìmọ̀. Olóyè kankan ò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀, kí wọ́n má baà ṣèèṣì gbé pákó lé e léjìká.

Ti akéde ni wọ́n sọ kẹ́yìn, wọ́n sì ń wo Àṣàolú lójú: akéde tó bá fẹsẹ̀ kan afárá lónìí, agogo bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń lù ú. Bàbá ẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́.

Ó tán o! Bí wọ́n ṣe rán an ló ṣe jẹ́ ẹ, kò fi iyọ̀ sí i, kò yọ ata kúrò. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fẹ́ni tó wà lóko. Agogo rèé, orí àpáta yìí ni Àṣàolú gbé e lé. Kí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ rán ẹni wá mú un. Bẹ́ ẹ bá ń wá òun fúnra ẹ̀, ó ti wà lórí afárá tí kò tíì sí, kọfí ẹ̀ ló ń lọ gbé.