Gíláàsì Tó Gbé Gèlè Ìyá Mosún Mì

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ojú lọ̀rọ̀ wà? Ẹ lè máa rò pé wọ́n kàn fẹ́ ká máa wo ara wa bí a bá ń sọ̀rọ̀ ni. Rárá o. Ọkọ̀ ló fà á, ọkọ̀ kékeré kan báyìí tí kò ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, nílùú Ìwó. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Akínrìnádé lorúkọ ọkùnrin tó ni ọkọ̀ náà, àmọ́ Bàbá Mosún ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Awakọ̀ agbégilódò ni nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Ó síngbọnlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, dípò kó sinmi, ó lọ wọ́ ọkọ̀ asáré àtijọ́ kan wálé, èyí tí òyìnbó kan fi sílẹ̀: oníjòkòó méjì, imú rẹ̀ gùn ṣọnṣọ bíi ti asín. Ó tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, ó tún àga rẹ̀ rán, ó kùn ún pupa bí osùn. Gíláàsì iwájú nìkan ló kù, èyí tó ti fọ́ láti ayé òyìnbó.

Ìgbà tó ń kun ọkọ̀ yìí ló dá ọ̀ràn. Eruku ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó sáré wọlé, aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà ló fi bo ọkọ̀. Òfì ni, òfì tí ìyá ìyàwó rẹ̀ fi ṣe ogún fún ìyàwó náà kó tó kú. Kí Ìyá Mosún tó rí i, ọ̀dà pupa àti epo dúdú ti mu aṣọ náà yó. Obìnrin náà kò pariwo. Ó ká aṣọ rẹ̀, ó gbé e wọ yàrá, láti ọjọ́ náà kò sì bá ọkọ rẹ̀ sọ ju "oúnjẹ ti wà ńlẹ̀" lọ.

Bàbá Mosún bẹ̀ ẹ́ ṣá o. Ó bẹ̀ ẹ́ láti abẹ́ ọkọ̀: "Ìyá Mosún, má bínú o, jọ̀ọ́ bá mi na sípánà yẹn." Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni ìyàwó rẹ̀ ń rí. Ó tún bẹ̀ ẹ́ láti inú balùwẹ̀, ó rán ẹ̀gbọ́n ìyàwó sí i, ó rán ọmọ sí i. Lójú tirẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ti tó, obìnrin ló ń ṣorí kunkun. Kò fura pé láti ìgbà tí aṣọ ti bàjẹ́, òun kò tíì wo ojú ìyàwó òun. Ìtìjú ni. Àmọ́ àwa ọkùnrin kì í pe ìtìjú lórúkọ; ó ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ òun.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí ọmọ wọn, Mosúnmọ́lá, fi ní ọkọ̀ pupa yẹn ni òun fẹ́ kó gbé òun lọ síbi ìgbéyàwó òun. Bàbá rẹ̀ kọrí sí Ìbàdàn, ó wá gíláàsì títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kó tó rí ọ̀kan lára òkú ọkọ̀ bíi tirẹ̀. Ẹni tó bá a yọ ọ́ ní, "Bàbá, bí eléyìí bá fọ́, ó tán o. Kò sí òmíràn."

Gíláàsì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan kì í dá a wọ̀. Rọ́bà ni wọ́n máa fi yí etí rẹ̀ ká, wọ́n á tẹ́ okùn sínú rọ́bà náà yípo, orí okùn méjèèjì á wà nínú ọkọ̀. Wọ́n á fi omi ọṣẹ pa á kó lè máa yọ̀. Ẹni tó wà níta á máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gíláàsì jẹ́jẹ́, ẹni tó wà nínú á máa fa okùn, bí okùn bá sì ṣe ń jáde ni ètè rọ́bà á máa gun orí irin.

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí ọmọ ṣègbéyàwó, Bàbá Mosún fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ dúró níta kí òun wọnú ọkọ̀. Ikùn rẹ̀ há sídìí sítíárì.

"Ẹ jáde," ni Ìyá Mosún wí. "Nítorí ọmọ mi ni mo ṣe máa wọlé o, kì í ṣe nítorí yín."

Ó jókòó, ó di orí okùn méjèèjì mú. Bàbá Mosún ti ilẹ̀kùn gbàgà. Ìgbà yẹn ló rántí pé ilẹ̀kùn ọ̀hún kò ṣeé ṣí láti inú, àmọ́ ó ní àwọn kò kúkú ní pẹ́.

Iṣẹ́ ń lọ. Ó ń gbá, ìyàwó ń fà. Apá ọ̀tún wọlé, òkè wọlé. Àfi bí Mùsílíù aládùúgbò wọn ṣe tan ẹ̀rọ ata rẹ̀. Ariwo gba gbogbo àgbàlá. Nínú ìfófòó ọṣẹ, Bàbá Mosún rí i pé ẹnu ìyàwó òun ń ṣí, ó ń pa dé, orí rẹ̀ sì ń mì. Ó rò pé ó ń yìn ín. Ó gbá gíláàsì. Orí tún mì kíkankíkan, obìnrin náà sún mọ́ gíláàsì títí imú rẹ̀ fi tẹ́ pẹlẹbẹ mọ́ ọn. "Ó fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ sí i," ni ọkọ sọ nínú ara rẹ̀. Ó fi èjìká tì í.

Mùsílíù fi ẹ̀rọ sílẹ̀ níbi tó ti ń pariwo, ó wá wòran. Àwọn ará ilé tẹ̀ lé e.

"Ebi ló ń pa á!" Mùsílíù lọgun.

Obìnrin kan sáré bu àkàrà wá, ó ń nà án sí Ìyá Mosún láti ìta gíláàsì. Ìyá Mosún di ojú pọ̀.

"Kì í ṣe ebi," ni káfíńtà kan wí. "Ooru ni." Ó gbé korobá, ó da gbogbo omi inú rẹ̀ sórí ọkọ̀. Omi ọṣẹ ni. Ìfófòó bo gíláàsì pátá, ojú obìnrin náà kò hàn mọ́.

"Ẹ gbà mí!" ni ìyàwó Mùsílíù ké. "Mo rí ẹnu rẹ̀ kí ọṣẹ tó bò ó. Ó ní òun máa jáwèé!"

Ẹ̀rù ba gbogbo wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ yí ọkọ̀ ká. "Ìyá Mosún, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má tú ilé ká! Ọ̀la lọmọ yín ń relé ọkọ!"

Inú Bàbá Mosún bà jẹ́, torí ọ̀rọ̀ tí òun náà ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá ni. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára gíláàsì. Ó ṣí fìlà, ó fi nu ìfófòó náà kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀.

Ojú náà kò bínú. Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀. Ó wo ọkọ, ó wo igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ó wo ọkọ, ó tún wo igun. Bàbá Mosún tẹ̀ lé e débẹ̀. Yéè! Gèlè! Etí gèlè ìyàwó rẹ̀ tó tú wálẹ̀ ti há sábẹ́ ètè rọ́bà, gíláàsì ti gun orí rẹ̀, ó ti ń tẹ̀. Bó bá gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di fífọ́. Obìnrin náà kò sì lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀: bó bá fi okùn sílẹ̀, itan rẹ̀ ni gíláàsì náà máa wó sí.

Bàbá Mosún gbé ojú padà sókè kó lè fi hàn án pé òun ti rí i. Ṣùgbọ́n kò lè gbé ojú kúrò mọ́. Nǹkan mìíràn wà lábẹ́ ẹ̀rù yẹn, ó ti pẹ́ níbẹ̀, ọkọ sì mọ ohun tó fà á. Ètè ọkọ mì láìpariwo: "Aṣọ ìyá ẹ. Mo bà á jẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ẹ̀rọ ata ń lọ ní tirẹ̀. Omi lé ròrò sójú Ìyá Mosún. Ó mi orí bí ẹni tó gba ẹ̀bẹ̀, lọ́nà tí kò ṣeé ṣì gbọ́. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí igun, bí ẹni ń sọ pé: ó dáa, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yọ gèlè mi ná. Ọkọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín tòun ti imú pẹlẹbẹ.

Ọkọ fi ìka gbé igun náà sókè díẹ̀, gèlè yọ. Láti ibẹ̀ lọ, ojú nìkan ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Bí ìyàwó bá la ojú, ọkọ á gbá a. Bó bá dijú, á dúró. Òsì wọlé. Okùn jáde tán, rọ́bà gun irin yíká. Ó fi gọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀, ó da omi lé e, ẹ̀kán kan kò wọlé.

Ó ṣílẹ̀kùn. Àwọn tó kúnlẹ̀ ṣì ń bẹ̀bẹ̀.

"Ta ló fẹ́ jáwèé?" Ìyá Mosún bi wọ́n. "Gèlè mi ló há!"

Mùsílíù lọ pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó padà wá, ó ń họrí. "Bàbá, gbogbo wa la wà níbí, a ò gbọ́ nǹkan kan. Báwo lẹ̀yin ṣe gbọ́?"

"Èmi náà ò gbọ́," ni Bàbá Mosún dáhùn. "Mo kàn wò ó ni."

Mosúnmọ́lá gun ọkọ̀ pupa lọ́jọ́ kejì. Òfì yẹn kò mọ́ o, ọ̀dà kì í mọ́ lára òfì. Ṣùgbọ́n Ìyá Mosún ti ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kódà ó ń bá a jà, èyí tó sàn ju "oúnjẹ ti wà ńlẹ̀" lọ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ibòmíràn ni òwe yìí ti ṣẹ̀ wá, ẹ bi í bóyá ó ti fi etí gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin tí gíláàsì gbé gèlè rẹ̀ mì rí. Gbogbo àdúgbò fi etí gbọ́ tiwọn: ẹnì kan gbọ́ àkàrà, ẹnì kan gbọ́ ooru, ẹnì kan gbọ́ ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, ojú lọ̀rọ̀ wà.