Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Kúnlẹ̀ Kí Àgbà Nínú Láàbù Mọ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ọmọ Òkè-Àparò, tilé toko, ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi etí gbọ́ agogo mi, mo kí yín. Ẹ̀yin tẹ́ ò sí nílé, tó jẹ́ pé inú ìwé lẹ ti ń kà á, mo kí yín pẹ̀lú, ẹ kú ìjókòó. Ẹ má wo bí mo ṣe kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n wá mú ọkọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Òótọ́ tó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ ààfin lọ́sàn-án gangan!

Kábíyèsí ló rán mi. Mi ò rán ara mi o. Ẹni tó bá máa bínú, kó bínú sí ẹni tó ránni, kó fi ẹni tá a rán sílẹ̀.

Gbàǹ-gbàn! Gbàǹ-gbàn!

Òfin kìíní. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú láàbù ilé-ìwé girama wa. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Obìnrin ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀! Ọkùnrin ò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀! Ì báà jẹ́ bàbá tó bí i lọ́mọ ló wọlé. Ì báà jẹ́ Kábíyèsí fúnra ẹ̀. Kó dúró ṣánṣán bí òpó iná, kó fi ẹnu nìkan kí wọn. Ẹni tó bá kúnlẹ̀, ọ̀sẹ̀ méje ló máa fi kúnlẹ̀ kí gbogbo ewúrẹ́ tó bá pàdé lọ́nà, á sì máa bèèrè àlàáfíà ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan!

Mo ti ń rí ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ̀ ń fi ìka ro etí. Ẹ̀ ń sọ pé mo ti mu ẹmu kí n tó jáde. Ẹ̀ ń sọ pé ayé ti bàjẹ́. Ẹ fara balẹ̀ ná. Mo máa sọ bó ṣe jẹ́.

Ẹni tí ò bá mọ láàbù, yàrá ńlá ẹ̀yìn ilé-ìwé nì ni, èyí tó ní fèrèsé púpọ̀, níbi táwọn ọmọ ti ń po omi aláwọ̀ oríṣiríṣi pọ̀, tí wọ́n ń wò ó bóyá á hó, bóyá á rú. Ẹ̀yin náà sì mọ Mopélọ́lá, ọmọ ìyá aránṣọ tó ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ọmọ tó mẹ̀kọ́ ni. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ dà. Ọ̀la tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì ni ìdánwò ẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe nínú láàbù yẹn. Ọdún mẹ́fà ló fi ń dúró dè é. Ẹni tí ò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó di ọdún tó ń bọ̀, ìyẹn tí ọdún tó ń bọ̀ bá gbà á.

Lọ́jọ́ Ajé, Olóyè Ṣèríkí lọ ṣí tábìlì tuntun táwọn ọmọ ìlú rà sí láàbù. Ẹ sì mọ Olóyè. Olóyè fẹ́ràn ìkíni ju iyán lọ. Tó bá ń kọjá lójúde, tí adìyẹ ò bá tẹrí ba, á bèèrè ilé tí wọ́n ti sìn ín. Etí òsì ẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì bí ẹni tó máa sọ ọ́ lójú ẹ̀.

Ìgbà tí Olóyè máa wọlé, Mopélọ́lá ló gbé ife ásíìdì lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń gbé e bọ̀ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù wá sórí tábìlì. Ásíìdì! Omi ni lójú, iná ni lára. Tíṣà Fásakin tó ń kọ́ wọn ti kìlọ̀ títí: ẹni tó bá gbé ásíìdì, kó má sáré, kó má tẹ̀, kó má wẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ yòókù wólẹ̀ gbì fún Olóyè. Orúnkún Mopélọ́lá náà ti fẹ́ tẹ̀ fúnra ẹ̀, ọmọ tá a kọ́ ni. Ó ń bá orúnkún wí nínú: ìwọ orúnkún yìí, dúró, má pa mí! Ló bá wà lóòró.

"Ẹ káàsán o, bàbá."

Olóyè wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Ọmọ ta nìyí? Ṣé ẹsẹ̀ ẹ ò ní oríkèé ni?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ásíìdì ló wà lọ́wọ́ mi."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn! Ásíìdì ló jáde lẹ́nu ọmọ, Ráṣíìdì ló wọ etí Olóyè!

"Ráṣíìdì? Ta ni Ráṣíìdì? Ráṣíìdì wà lọ́wọ́ ẹ, lo ò ṣe lè kúnlẹ̀ fún mi?"

"Ó lè jó yín, bàbá!"

"Ráṣíìdì ló máa jó mi? Nínú ìlú tí mo ti joyè?"

Kí Tíṣà Fásakin tó la ẹnu, Olóyè ti ju etí agbádá sí èjìká, ó ti jáde, ó dorí kọ ààfin.

Kò pẹ́ rárá, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé ọmọ aránṣọ dúró gbagidi níwájú àgbà nítorí ọkùnrin. Ráṣíìdì tó ń lẹ táyà, ìyàwó ẹ̀ ò bu oúnjẹ fún un. Ráṣíìdì alápatà ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sá lọ sóko. Bàbá Àgbà Ráṣíìdì, ẹni ọgọ́rin ọdún, òun ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí wọ́n ṣì lè fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kan òun.

Àwọn Olóyè jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní Mopélọ́lá ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ilé-ìwé mọ́ títí tó fi máa mú Ráṣíìdì wá sí ààfin, kó sì kúnlẹ̀ bẹ Olóyè níwájú Ráṣíìdì. Ẹ gbọ́ o! Ọjọ́ Ìṣẹ́gun! Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta!

Ìyá ẹ̀ fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, ó ń sunkún. "Mopé, ṣáà lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Kí ló wà nínú ìkúnlẹ̀?"

"Màámi, màá kúnlẹ̀. Orúnkún mi ò wọ́n. Ráṣíìdì ni mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ rí."

Lánàá ọjọ́rú, Tíṣà Fásakin mú ọmọ náà, ó mú ìgò kan àti ife kan, ó di ààfin. Èmi náà wà níbẹ̀, ẹ̀yìn òpó ni mo dúró sí. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ ná o, lẹ́yìn tó ti gbé ìgò jìnnà sílẹ̀. Ó dìde, ó rọra da díẹ̀ sínú ife, ó ní, "Kábíyèsí, ẹni tí wọ́n ń wá rèé. Kì í ṣe Ráṣíìdì. Ásíìdì ló ń jẹ́. Ó ń jẹ aṣọ, ó ń jẹ ara. Tọ́mọ yìí bá kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ Olóyè ni ì bá dà sí."

Olóyè Ṣèríkí rẹ́rìn-ín títí agbádá ẹ̀ fi ń mì. "Èyí? Omi tí ò kún ife? Kábíyèsí, ẹ̀kọ́ ilé ni ọmọ yìí ò ní. Ẹni tá a bá kọ́ dáadáa, bó gbé odindi ayé lọ́wọ́, á wólẹ̀ fún àgbà. Ẹ jẹ́ n fi hàn yín."

Mopélọ́lá pariwo, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e!" Olóyè ti gbé e. Ó kọjú sí ọba. Ó ké, "Káábíyèsí oo!" Ó na gbalaja.

Ásíìdì náà dọ̀bálẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ sórí apá Olóyè, ó dọ̀bálẹ̀ sára agbádá, ó na títí dé etí ẹní ọba. Èéfín yọ! Agbádá ń lu bí ajere lójú gbogbo wa! Olóyè fò dìde, ó ń ké, "Ó ń jó mi o! Ó ń jó mi o!" Àwọn ìjòyè fọ́n ká. Ẹnì kan ti wà lójú fèrèsé. Ẹnì kan ní ká lọ gbé epo pupa wá ká fi pa á. Ẹnì kan ń bu iyanrìn. Èmi? Mo ti sọ fún yín pé ẹ̀yìn òpó ni mo wà.

Mopélọ́lá nìkan ló sáré lọ bá a. Ó ń sunkún, ó ń pàṣẹ. "Ẹ má fi epo sí i! Omi! Omi púpọ̀! Bàbá, ẹ bọ́ aṣọ! Ẹ bọ́ ọ!" Ó fa agbádá yọ lọ́rùn Olóyè, ó fa bùbá yọ, ó ku ṣòkòtò. Ó fà á lápá kejì dé ìdí ẹ̀rọ omi tó wà lágbàlá ààfin. Ẹ sì mọ ẹ̀rọ yẹn. Kò ga. Adìyẹ ló ń lò ó jù. Kí apá Olóyè tó lè dé abẹ́ ẹ̀, àfi kí Olóyè kúnlẹ̀.

Olóyè kúnlẹ̀!

Ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní, "Ó tó, ọmọ mi."

"Kò tíì tó, bàbá. Ẹ dúró síbẹ̀."

"Omi yìí tutù."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Kò tíì tó."

Ó tó ogún ìṣẹ́jú tí àgbà ìjòyè fi wà lórí eékún, tí ọmọ aránṣọ fi dúró tì í lóòró, tó di apá ẹ̀ mú bí ìyá tó ń wẹ ọmọ. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Kábíyèsí fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bo ẹnu, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà tá a gbé Olóyè dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì yẹ apá náà wò. Ó pọ́n, awọ bó díẹ̀, ó parí síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Ta ló tètè da omi sí i? Ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Apá yìí ì bá ti di ìtàn."

Ó dáa. Ẹ ti gbọ́ ìdí ẹ̀. Ẹ jẹ́ n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Gbàǹ-gbàn!

Òfin kejì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ́ ohunkóhun lá nínú láàbù! Ẹ̀yin tẹ́ ò ní gbà pé iyọ̀ ni iyọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá fi ahọ́n kàn án, ẹ̀yin ni mò ń bá wí! Ẹni tó bá tọ́ ọ lá, tí Ọlọ́run bá fún un lẹ́mìí láti gbọ́ ìdájọ́, ẹ̀wà jíjóná ìyá ìyàwó ẹ̀ ló máa jẹ fún oṣù kan, á sì máa sọ pé ó dùn!

Òfin kẹta. Ásíìdì ò gbọdọ̀ wá sí ààfin mọ́! Mo tún un sọ, ásíìdì ò gbọdọ̀ wá sí ààfin mọ́! Tọ́ba bá fẹ́ rí i, ọba á lọ bá a nílé ẹ̀. Èyí kan Tíṣà Fásakin gan-an. Òótọ́ lo sọ o, Tíṣà, ṣùgbọ́n ibi tó o gbé e wá ò dáa. Ìwọ lo máa fọ ẹní ọba, ihò tó wà létí ẹ̀, ìwọ náà lo máa dí i.

Òfin kẹrin. Agbádá ò gbọdọ̀ wọ láàbù! Ẹni tó ni ín lè wọlé, kí agbádá jókòó síta dè é. Ti Olóyè Ṣèríkí, a ti gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà láàbù, ihò mọ́kànlá ló wà lára ẹ̀. Ẹni tí ò mọ ìwé kà, kó ka ihò!

Òfin karùn-ún... òfin karùn-ún ti bọ́ lórí mi. Akọ̀wé ààfin ò kọ ọ́ yanjú. Ẹ ṣáà máa pa á mọ́ títí tí mo fi máa rántí. Ìyà ẹ̀ le gan-an.

Òfin kẹfà. Tásíìdì bá dà síni lára, omi! Kì í ṣe epo. Kì í ṣe iyanrìn. Kì í ṣe ká kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó fi ṣe é. Omi lákọ̀ọ́kọ́, àdúrà lẹ́yìn! Ẹni tó bá gbé epo wá, a máa fi epo náà pa á lára láti orí dé ẹsẹ̀, ká gbé e jókòó sójú oòrùn níwájú ààfin.

Òfin keje. Gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Ráṣíìdì ti gba ìdáǹdè. Ráṣíìdì alápatà, níbikíbi tó o bá wà nínú igbó yẹn, máa bọ̀ nílé, ẹran ń bàjẹ́!

Òfin kẹjọ ló gbẹ̀yìn. Ẹ dákẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Mopélọ́lá ọmọ ìyá aránṣọ á jókòó ìdánwò ẹ̀ lọ́la. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá a dúró lọ́nà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní kó wá kí òun. Olóyè Ṣèríkí fúnra ẹ̀, tòun ti apá tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ló ní òun máa dúró sẹ́nu géètì, òun máa lé gbogbo àgbà tó bá fẹ́ kí i sẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún. Ó ní tó bá ti ṣe tán, tọ́wọ́ ẹ̀ bá ti ṣófo, kó jọ̀ọ́, kó yà wá kí òun dáadáa.

Mo bá Mopélọ́lá nílé láàárọ̀ yìí, mo jíṣẹ́ fún un. Ìwé ló ń kà. Kò gbé ojú sókè. Ó ní kí n sọ fún bàbá pé òun ń bọ̀, orúnkún méjèèjì ni òun máa fi wá.

Etí tó gbọ́, kó gbé e délé fún etí tó ń sùn. Agogo ti fẹnu mọ́, òfin ò fẹnu mọ́ o! Kábíyèsí ló wí bẹ́ẹ̀, èmi kọ́!

Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ̀ ń kà á níbòmíì, ìlú tiyín náà ní láàbù, ó sì ní àgbà. Ohun tí ojú yín rí níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ààfin, Òkè-Àparò. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ má sì bù mọ́ ọn o, òótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ.