Adìẹ Tó Ń Mú Ọwọ́ Ọmọ Gùn

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Lọ́jà, ọba abúlé kan lẹ́bàá Ìbòkun, lánàá. Phebe opó ló gbé e wá, òun àti ọmọ rẹ̀ Tóyọ̀sí, pẹ̀lú abo adìẹ kan lábíyá. Adédìran hẹdimáásítà ló pè lẹ́jọ́.

"Kábíyèsí, wọ́n ní ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá gba orí kọjá, tó kan etí kejì, ti tó ilé-ìwé lọ. Ọwọ́ Tóyọ̀sí kan etí. Tíṣà ní kò kàn án. Ó ní kí n mú adìẹ wá, ọwọ́ náà yóò gùn! Ẹyọ kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú nìyí. Bí wọ́n bá sì dá ọmọ yìí padà, oko kòkó ló ń lọ."

Olóyè Ọdúntán kọjú sí Adédìran. "Òfin ìlú ńkọ́? Ẹni tí a bá fi síṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́. Wolé-wolé gba tòlótòló kan ṣoṣo, a lé e lọ."

Adédìran tún táì rẹ̀ ṣe. "Ti wolé-wolé nìyẹn, sà. Tíṣà kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìmọrírì là ń gbà."

"Ta ló kọ́ ilé tí ò ń gbé?"

"Ìlú ni."

"Síbẹ̀ o kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlú?"

"Òṣìṣẹ́ ìmọ̀ ni mí, sà. Àwọn adìẹ yẹn, ẹ̀yà ara ẹyẹ ni mo fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ."

"Nínú ìkòkò ọbẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni ẹ̀yà ti ń hàn dáadáa, sà."

Wọ́n pe Amos, igbákejì rẹ̀.

"N kò rí adìẹ nílé Ọ̀gá rí. Ẹyẹlé ni wọ́n ń sìn."

"Ẹyẹlé tó ń kọ láàárọ̀?"

"Ó ti pẹ́ nílé-ìwé ni, sà."

Làbákẹ́, ìyàwó hẹdimáásítà, fò dìde. "Amos, ṣé itan ẹyẹlé ni mo bù fún ọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè? Kábíyèsí, adìẹ ni wọ́n! Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn adìẹ ló ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá."

"Pẹ̀lú okùn lẹ́sẹ̀?" Ọdúntán bi í.

Ẹ̀rín gba ààfin kan. Phebe kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

Lọ́jà gbẹ́nu kúrò lórí obì. "Tíṣà, o ní òfin òṣìṣẹ́ kò mú ọ. Ó dára. Ti ọmọ ilé-ìwé yóò mú ọ. Ẹ gbé adìẹ yẹn lé e lórí. Ó yá, na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀, kí o kan etí."

Adédìran nà, ó tún nà. Ọwọ́ há sí ìyẹ́ adìẹ.

"Adìẹ mà wà níbẹ̀ o, ọwọ́ kò sì gùn! Láti ọ̀la, kíláàsì kìn-ín-ní ni wàá máa jókòó sí, lórí ilẹ̀, lẹ́yìn Tóyọ̀sí. Ọjọ́ tí o bá gbà pé òfin ìlú mú tíṣà, wá sọ fún mi, kí n lè fi í lé ọ lọ bíi wolé-wolé."

Phebe gbé adìẹ rẹ̀ kúrò lórí tíṣà. Ó fi etí aṣọ nu ẹsẹ̀ adìẹ náà méjèèjì mọ́ tónítóní, kó tó gbé e mọ́ra.